Máàkì Tí Mo Fi Ta Màmá Mi Lọ́rẹ

Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni ó tọ́ sí màmá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo fún wọn ní mẹ́fà.

Bàbá mi jókòó sí òdìkejì tábìlì, wọ́n ń fi báírò pupa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì wọn, wọ́n sì ń kùn bí wọ́n ṣe máa ń kùn tí ọmọ kan bá kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Màmá mi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tíì ti tutù nínú ife tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì tíì mu ju ẹnu kan lọ níbẹ̀. Mo rò pé wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà nínú yàrá náà, àfi bí mo ṣe fi báírò kan ìwé báyìí tí wọ́n yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, mélòó ni mo gbà lónìí?"

"Mẹ́fà, Màmá."

"Mẹ́fà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. "Bàbá Akọ̀wé, ṣé ẹ gbọ́? Mo ti yege."

"Ẹni tó bá ti gba márùn-ún ti yege," ni bàbá mi wí. Wọ́n gbé ojú sókè, inú wọn dùn débi pé wọ́n gbàgbé báírò pupa sí ẹnu. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì ta màmá mi lọ́rẹ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí wa ò pé nílé wa. Ọdún méjìlélógún ni bàbá mi ti fi ń ṣe tíṣà, kò sì sí ohun tí wọn kì í fún ní máàkì. Bí mo bá gbálẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, wọ́n á ní, "Méje. O dá ìdọ̀tí sí síbí." Bí màmá mi bá se ìrẹsì, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á di ojú, wọ́n á ní, "Mẹ́sàn-án." Òjò pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí i tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n fún òjò ní márùn-ún nítorí pé ó pẹ́ kó tó dé. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé mo máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀: ọjọ́ tí gáàsì tán, ẹni tó kàn láti fọ abọ́, àti àwọn ìlérí tí bàbá mi ṣe tí wọn ò tíì mú ṣẹ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gùn díẹ̀.

Màmá mi ní tiwọn, Ìyá Férémù ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n sí. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní igun òpópónà, láàárín ti onígbàjámọ̀ àti ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ọmọ tuntun, ìwé ẹ̀rí tí ènìyàn fi ọdún mẹ́rin wá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi igi àti gíláàsì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n á wo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pe ìwọ̀n rẹ̀ láìfi rúlà kàn án. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ ó ṣe bá a. Tí oníbàárà bá sì yan férémù tí kò bá fọ́tò rẹ̀ mu, màmá mi á bá a jà títí yóò fi yan òmíràn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìjà yẹn gan-an ni wọ́n ń torí rẹ̀ wá.

Àìsàn náà kò pariwo wọlé. Ìjà ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ohunkóhun tí oníbàárà bá yàn, wọ́n á ní, "Ó dáa." Lẹ́yìn náà ni orin tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ ohùn tí wọ́n bá ń gé igi tún dákẹ́. Wọ́n ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á jókòó sí kíṣìnì láìtan iná. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu wọn mọ́. Fọ́tò ọmọ tuntun kan wà lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹni tó ni ín fi wá sọ pé ọmọ náà ti ń hu eyín. Àwọn ará àdúgbò ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má ronú mọ́," bí ẹni pé ìrònú ní ibi tí wọ́n ti ń pa á bí iná. Bàbá mi, tí wọ́n mọ máàkì gbogbo nǹkan, ò mọ èyí tí wọ́n máa fún un. Wọ́n kàn ń rìn ká ilé lẹ́yìn màmá mi, wọ́n á gbé omi fún wọn, wọ́n á gbé e kúrò.

Níkẹyìn, a lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin kúkúrú kan ni dókítà náà, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó bi màmá mi ní ìbéèrè fún ìdajì wákàtí, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ó ní ìsoríkọ́ ni.

"Àìsàn ni, Màmá, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn," ó ní. "Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmoore. Oògùn wà fún un. Hóró kan láràárọ̀. Díẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ara yín lè gbà á. Kì í yára o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ó padà wá, tí mo bá rí i pé kò gbé yín tó, màá fi kún un."

Ó wá ní kí màmá mi máa kọ bí ara wọn ṣe rí sílẹ̀ lójoojúmọ́: oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, àti nọ́ńbà kan láti òdo dé mẹ́wàá fún ọjọ́ náà lápapọ̀. Màmá mi mi orí.

"Dókítà, èmi ò mọ bí mo ṣe wà mọ́. Ẹ bi Akọ̀wé."

Bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn. Ẹ wá wo ibi tí àṣìṣe wa wà: nílé ẹlòmíràn, nọ́ńbà lè jẹ́ nọ́ńbà lásán. Nílé tiwa, ìdánwò ni nọ́ńbà.

Lọ́jọ́ kìíní mo kọ méjì, mo sì fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. Màmá mi rí i. "Méjì," wọ́n ní, wọ́n rọra pa ìwé náà dé. "Mo ti féèlì." Wọn ò jẹun kí wọ́n tó lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, òógùn ń bọ́ lójú wọn, torí kí máàkì lè pọ̀ sí i ni. Abọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọ mẹ́fà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò rí ẹ̀rín ìyá rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan tí yóò padà lọ kọ mẹ́ta?

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mẹ́fà di méje. Bí wọ́n bá jẹ ìdajì búrẹ́dì, mo máa kọ pé, "Oúnjẹ: wọ́n jẹun dáadáa." Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní kíṣìnì kí ilẹ̀ tó mọ́, mo máa kọ pé, "Oorun: wákàtí méje." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi máa parí, màmá mi ti ń gba mẹ́jọ. Bàbá mi lẹ ojú ìwé kan mọ́ ara fíríìjì bí wọ́n ṣe máa ń lẹ èsì ìdánwò mi. Kí n má parọ́ mọ́ irọ́, inú mi ń dùn. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo ń wo màmá mi sàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé. A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó fi awò ojú rẹ̀ sí imú, ó ń ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó gòkè láti ọjọ́ kẹta," ó ní. "Ó yára o. Ó yára ju bí mo ṣe rò lọ." Ó wo màmá mi. "Màmá, ẹ̀yin gan-an ń kọ́? Báwo ni ẹ ṣe rí i?"

Màmá mi wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ìwé. "Bí ọmọ mi ṣe kọ ọ́ ni yóò jẹ́, Dókítà. Tí mi ò bá mọ ọ́n lára, ó lè jẹ́ èmi ni mi ò dá a mọ̀."

Ẹnu mi wà níbẹ̀. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, dókítà ti mú báírò, ojú sì ń tì mí. Mo wo bàtà mi.

"Ó dáa," ni dókítà wí. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ò ní fi kún oògùn. Ẹ máa lo èyí tí ẹ ń lò. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ẹ-Rẹ́rìn-ín gbé iṣẹ́ wá. Oní-fọ́tò ni ọkùnrin náà. Orúkọ yẹn la fi ń pè é nítorí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó ya ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Fọ́tò mẹ́rìnlélógún ni ó gbé dání, ti àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ wọn. Ó fẹ́ férémù fún gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Bàbá mi ní iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Màmá mi ní, "Ẹni tó gba mẹ́jọ kì í jókòó sílé."

Nígbà tí mo ti iléèwé dé ní Ọjọ́bọ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀rúnrún igi, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì. Gíláàsì mẹ́rìnlélógún wà lórí tábìlì náà, wọ́n tò wọ́n dáadáa, wọ́n nù wọ́n mọ́. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e lé férémù. Ó bọ́ sínú. Mo mú òmíràn, òun náà bọ́ sínú. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ó tó ìbú àtàǹpàkò kan. Màmá mi tí kì í lo rúlà.

"Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta," wọ́n ní. Ohùn wọn kò ròkè, kò sọ̀ kalẹ̀. "Mo wọ̀n ọ́n, mo gbàgbé. Mo tún wọ̀n ọ́n."

"Màmá, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Akọ̀wé, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo wà. Dókítà rí i, bàbá rẹ rí i. Ara mi ti yá. Wá wo bí mo ṣe wà pẹ̀lú ara yíyá. Kì í ṣe àìsàn mọ́ nìyẹn. Èmi ni mo jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ ni mí." Wọ́n na ọwọ́ sí agbọ̀n tí wọ́n ń da àfọ́kù gíláàsì sí. "Oògùn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ni mo tún ń gbé e mì fún?"

Mo wo inú agbọ̀n náà. Páálí oògùn wọn wà níbẹ̀, láàárín àfọ́kù, gbogbo hóró tó kù wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo sọ màmá mi di aláìsàn tí kò ní ẹ̀tọ́ sí àìsàn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe mẹ́jọ lẹ gbà."

"Kí lo wí?"

"Irọ́ ni mo kọ. Ẹ ò gba mẹ́jọ rí, ẹ ò gba mẹ́fà rí. Lánàá, mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́ta ni. Mẹ́rin ló ga jù, ọjọ́ tí ẹ dá onígbàjámọ̀ lóhùn ni. Mo fẹ́ kí ẹ máa rẹ́rìn-ín ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo rò pé etí mi ni ọwọ́ wọn máa bà, mo tiẹ̀ ti gbé etí náà kalẹ̀ fún wọn.

"Mẹ́ta?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"Nígbà náà, ara mi ò tíì yá?"

"Ara yín ò tíì yá rárá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Màmá mi bú sẹ́kún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. "Mẹ́ta!" wọ́n ń wí. "Ọpẹ́ o! Mo ti rò pé ibi tí ara mi lè yá dé nìyí! Mo ti rò pé ó ti parí!" Onígbàjámọ̀ sáré yọ orí wọlé, abẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ìyá Férémù, ṣé kò sí nǹkan o? Kí ló dé?"

"Mo féèlì ni!" ni màmá mi wí. "Ẹ bá mi dúpẹ́, mo féèlì!"

Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó wò mí lórí ìkúnlẹ̀, ó wo gíláàsì, ó rọra padà sídìí orí tó ń fá.

Màmá mi fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n na ọwọ́ sínú agbọ̀n, wọ́n yọ páálí oògùn, wọ́n gbọn ẹ̀rúnrún gíláàsì kúrò lára rẹ̀. "Ní tìrẹ," wọ́n ní fún mi, "ó yẹ kí n bá ẹ jà gidi. Ṣùgbọ́n mi ò ní agbára rẹ̀ lónìí. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má gbàgbé."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ-Rẹ́rìn-ín fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i nígbà tí bàbá mi lọ bá a sọ òótọ́. Bàbá mi gan-an ni wọ́n gé gíláàsì tuntun náà, màmá mi jókòó tì wọ́n, wọ́n ń tọ́ wọn sọ́nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo jẹ́wọ́, a ti wà níwájú dókítà. Mo rò pé bàbá mi ni wọ́n máa bá mi sọ ọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ fúnra mi, látòkèdélẹ̀, mo sì sọ ọ́.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé ìwé yẹn ni ojú tí mo fi ń wo ilé yín? Oògùn tí mo fún màmá rẹ kéré. Ó yẹ kí n ti fi kún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ lo dí mi lójú."

"Ẹ má bínú, Dókítà." Omi ti ń dà lójú mi. "Ṣùgbọ́n mi ò lóye rẹ̀. Tí hóró oògùn bá ti wọ ara lọ́jọ́ kìíní, kí ló dé tí ara kì í yá lọ́jọ́ kìíní?"

Inú rẹ̀ rọ̀ nígbà tó gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ó fa bébà kan, ó ya òbìrípo méjì tí wọn ò fara kan ara wọn.

"Sẹ́ẹ̀lì méjì nìyí nínú ọpọlọ," ó ní. "Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn. Tí èyí bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, á tú èròjà kan sínú àlàfo náà. Èròjà yẹn ni ìránṣẹ́. Á lọ kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì kejì, lẹ́yìn náà sẹ́ẹ̀lì tó rán an á fà á padà sọ́dọ̀. Oògùn màmá rẹ ń dí ọ̀nà àtipadà, kí ìránṣẹ́ náà lè pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó ti ń ṣẹlẹ̀."

"Kí ló wá kù?"

"Inú ilé ló kù. Kí wọ́n kan ilẹ̀kùn ò ní kí ẹni tó wà nínú ilé dìde." Ó fi orí báírò tọ́ka sí etí òbìrípo kejì. "Lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì níhìn-ín, àwọn èròjà mìíràn wà tó ń gba iṣẹ́ tí ìránṣẹ́ jẹ́, tí wọ́n ń gbé e wọ inú lọ. Àwọn olùwádìí kan rí i pé nínú ìsoríkọ́, púpọ̀ nínú wọn máa ń há sí apá ibi tó ki lára awọ náà, ibi ọ̀rá, tí wọn kì í lè ṣiṣẹ́ wọn dáadáa. Oògùn yìí máa ń yọ wọ́n jáde síbi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ti mọ̀ o, wọ́n ṣì ń wádìí. Kò sì sí bí mo ṣe lè ṣí orí màmá rẹ wò. Ohun tí mo lè wò ni oorun wọn, oúnjẹ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ìwọ lo sì ń kọ ọ́."

Màmá mi na ọrùn wo òbìrípo méjèèjì. "Àwọn tó há sínú ọ̀rá yẹn," wọ́n ní, "ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀. Mo ní iṣẹ́ nílẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì fi kún oògùn.

A délé, bàbá mi já èsì tó wà lára fíríìjì. "Èmi ni mo sọ ilé yìí di gbọ̀ngàn ìdánwò," wọ́n ní. "Láti òní lọ, mi ò fún nǹkankan ní máàkì mọ́." Wọ́n gbìyànjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tọ́ ẹyin tí mo dín wò, ẹnu wọn ṣí, ó padé, ó tún ṣí. Ojú wọn pọ́n. Màmá mi ní, "Ẹ sọ ọ́ jáde, kó má baà bà yín lára jẹ́."

"Márùn-ún," ni bàbá mi wí, ó sì tù wọ́n lára.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ìkejì tẹ̀ lé e, kò sí ohun tó yí padà. Ọjọ́ kan wà tí ọwọ́ tún ń yún mi láti kọ márùn-ún, mo jókòó lé ọwọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá mi sùn di aago mẹ́fà. Mẹ́rin. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ búrẹ́dì tiwọn tán, wọ́n sì jẹ díẹ̀ nínú tèmi. Mo bínú díẹ̀, mo kọ márùn-ún.

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ń ti iléèwé bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti òkèèrè. Láti ṣọ́ọ̀bù wa ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Férémù aláwọ̀ wúrà!" ni màmá mi ń wí. "Ọmọ tó ń sun oorun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ fẹ́ fi wúrà yí lórí ká, ṣé ọba ni? Ẹ gbé e sílẹ̀! Igi funfun yìí ni tiẹ̀. Mo ní ẹ gbé e sílẹ̀!"

Oníbàárà náà ń bá wọn fa ọ̀rọ̀, onígbàjámọ̀ sì ti jáde síta, ó ń pàtẹ́wọ́. "Ìyá Férémù ti dé o!" ó ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Mo dúró síta pẹ̀lú báàgì mi, omi ń dà lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oníbàárà náà mú igi funfun lọ tán, màmá mi rí mi, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìwọ gan-an. Mo ti rántí. Wọlé, jókòó." Ìjà tí wọ́n jẹ mí ní gbèsè ni wọ́n bá mi jà. Ó gba ogójì ìṣẹ́jú, wọn ò sinmi, wọn ò mu omi. Mi ò tíì gbádùn ìbáwí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo kọ méje fún ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ òótọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo ọjọ́ ló wá ń dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ara màmá mi tún wúwo. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo mú ìwé jáde, mo sì ń wá bí màá ṣe fi ọwọ́ bo ojú ìwé náà. Wọ́n rí mi.

"Mẹ́rin ni," wọ́n ní. "Má fi ọwọ́ bò ó. Kọ ọ́ kó hàn kedere, kí ẹni tó ń tọ́jú mi lè rí mi." Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n gbé orí mi lé èjìká wọn. "Mẹ́rin ò pa mí. Ẹni tó bá mọ ibi tí òun wà kò tíì sọnù."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo kọ́ nìyí. Tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá ń ṣàìsàn, ẹ má fi irọ́ ṣe ẹ̀wù fún un, nítorí ẹ̀wù náà ni yóò bo egbò mọ́lẹ̀ tí oníṣègùn kò fi ní rí i. Ìsoríkọ́ kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe ìdánwò tí ènìyàn ń yege tàbí féèlì. Àìsàn ni, ó ní oògùn, oògùn náà sì ń fẹ́ àkókò àti òótọ́. Mo fún màmá mi ní máàkì tí kò tọ́ sí wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gba ìwòsàn tó tọ́ sí wọn lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí mo sọ mẹ́ta fún wọn lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní ohun kan tó wúlò.